Ọmọ Tí A Kò Kọ́, Ẹgbẹ́ Tí A Kọ̀ Sílẹ̀

Ọkùnrin méjì tó ti bímọ fẹ́rẹ̀ẹ́ na ara wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá nílé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa n'Íbàdàn. Owó Chelsea ló dìjà. Ọ̀kan ní ìrẹ́jẹ ni, pé báwo ni wọ́n ṣe lè yọ pọ́ìntì lára Everton, kí àwọn olówó bíi Chelsea sì máa ná ìnákúnàá láìsí ẹni tó mú wọn. Èkejì wọ jẹ́sì búlúù, orúkọ Mason Mount ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó na ìka sí tọ̀hún lójú, ó ní, "Owó bàbá ẹ ni? Ọ̀gá tó ra ẹgbẹ́ wa lówó, jẹ́ kó ná an!" Ẹgbẹ́ wa. Àwọn tó ni ín wà ní Amẹ́ríkà, pápá rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Mount fúnra rẹ̀ sì ti lọ sí Manchester United láti 2023. Mo bi àwọn méjèèjì pé ẹgbẹ́ wo ni Shooting Stars, ẹgbẹ́ Ìbàdàn níbí, bá gbá kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kadà kan ṣoṣo ló máa gbé wọn dé pápá rẹ̀ l'Ádamásingbà láti ibi tí wọ́n jókòó sí.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bàbá fi ogún ọdún kọ́lé, ọmọ fi ọ̀sán kan ṣoṣo tà á. Kò sí àdúgbò tí irú ẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Lọ́ńdọ̀nù, torí àwọn méjì yìí pariwo ìrẹ́jẹ títí, wọn kò fọwọ́ kan ibi tó ti ń rùn. Òfin PSR, òfin ìnáwó tí líìgì England lò títí di sáà 2025/26, òun náà tó mú Everton àti Nottingham Forest ní sáà 2023/24, ní ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ pàdánù ju 105 mílíọ̀nù páùn lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ìṣirò wọn. Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n rà, wọ́n á pín iye tí wọ́n rà á sórí iye ọdún tó tọwọ́ bọ̀wé fún. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, wọ́n á kọ́kọ́ yọ èyí tó kù kí wọ́n tó pe ohunkóhun ní èrè. Ọmọ tí wọ́n tọ́ láti kékeré kò ní iye kankan nínú ìwé yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà á, gbogbo owó tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ ni èrè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Mount nígbà tó dé Chelsea. Kékeré ni Conor Gallagher náà ti débẹ̀, wọ́n tà á fún Atlético Madrid ní 2024. Fìkáyọ̀ Tòmórì, ọmọ Yorùbá tiwa, ti ṣáájú wọn lọ sí AC Milan ní 2021. Ní 2022 ló bá wọn gba líìgì Ítálì.

Bẹ́ẹ̀, England kan náà ló ṣòfin láti 2010 pé nínú agbábọ́ọ̀lù 25 tí ẹgbẹ́ bá forúkọ wọn sílẹ̀, àwọn tí kò dàgbà lábẹ́ ẹgbẹ́ England tàbí Wales kò gbọdọ̀ ju 17 lọ. Òfin kan ní ẹ tọ́ ọmọ. Òfin kejì ń gbè sẹ́yìn ẹni tó tà á. Lójú tèmi, ìwà ìkà ni. Nínú òwe wa, ọmọ tí a kò kọ́ ló ta ilé; níbẹ̀ yẹn, ọmọ tí wọ́n kọ́ yanjú ni wọ́n ń tà kí ilé má bàa wó. Athletic Bilbao ní Sípéènì kò bá wọn dá a láṣà. Ọmọ ilẹ̀ Basque àti àwọn tó gba bọ́ọ̀lù dàgbà níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lò, wọn kò tíì já kúrò ní ipele àkọ́kọ́ rí, wọ́n sì gba Copa del Rey, ife ẹ̀yẹ Sípéènì, ní 2024. Ó ṣeé ṣe, bó bá wuni í ṣe.

Tiwọn nìyẹn. Àwa ńkọ́?

Ní 1976, nígbà tó ṣì ń jẹ́ IICC, Shooting Stars borí Tonnerre ti Yaoundé, ó di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní gólù mẹ́ta sí òdo l'Ékòó láti gba Ife Áfíríkà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Múdà Lawal gbá ọ̀kan. Inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo n'Íbàdàn ni gólù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde. Best Ogedegbe tó ṣọ́lé lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ lòun náà ti wá. Ilé tí a kọ́ nìyẹn! Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ẹgbẹ́ náà, ìyẹn ni pé owó tèmi tìrẹ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ la ẹnu sọ pé "ẹgbẹ́ wa", òun nìyí. Ṣùgbọ́n nínú àwa tá à ń ka ìwé ìṣirò Chelsea, ta ló ti béèrè tirẹ̀ rí?

Àwọn olówó aládàáni náà gbìyànjú. Leventis United n'Íbàdàn gba Challenge Cup, ife ẹ̀yẹ Nàìjíríà, ní 1984 àti 1986, Abiola Babes gbà á ní 1985 àti 1987. Lónìí, wá wọn tì. Olówó yọwọ́, ẹgbẹ́ kú. Ìdí nìyí tí mo fi ń kan sáárá sí Kunle Soname, ẹni tó ni Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́, tó kọ́ pápá, tó tún dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé Beyond Limits sílẹ̀ kí Remo Stars tó gba líìgì Nàìjíríà ní 2025. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó sú u.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá dọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn bàbá tó ń ta ayò á gbójú sókè. Àkàrà ni ìyá rẹ̀ ń dín. Kóòṣì kan ní òun máa mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó gba owó fọ́ọ̀mù, ó gba owó bàtà, ó tún ní kí wọ́n lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù kí ọmọ ọdún 16 lè di ọmọ ọdún 13. Ìyá náà ṣe é. Bàtà kò dé, kóòṣì kò gbé fóònù mọ́. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táìsì lọmọ náà wà báyìí.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ sì wo ohun tó jẹ. Òfin FIFA ni pé bí agbábọ́ọ̀lù bá ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, ìdá 5 nínú 100 owó tí wọ́n fi rà á jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ní 2025, Galatasaray san 75 mílíọ̀nù yúrò lórí Victor Osimhen, ọmọ tó kiri omi láàárín ọkọ̀ l'Ékòó. Ẹ ṣírò ìdá 5 rẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ kékeré tó bá ní ìwé gidi lọ́wọ́, tó kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti sáà tó lò lọ́dọ̀ wọn, á fi ìpín tirẹ̀ ra bàtà fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Ìwé èké wo ni kóòṣì tiwa máa gbé síwájú FIFA? Ó jẹ owó fọ́ọ̀mù, ó da ogún àwọn ọmọ ẹ̀yìn nù.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ má rò pé kóòṣì nìkan ni mo ń bá wí. Ní oṣù kẹrin 2021, nígbà tí àwọn olówó fẹ́ dá Super League, líìgì àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá Yúróòpù, sílẹ̀, àwọn ará Chelsea tú jáde sí Stamford Bridge, wọ́n dínà mọ́ ọkọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwọn. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹgbẹ́ England mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú rẹ̀ fi yọwọ́. Ẹ̀yin, ọ́fíìsì ta lẹ ti lọ rí? Ẹ ń ra jẹ́sì, ẹ ń san owó ìwòran, ẹ ń ta tẹ́tẹ́ lórí àwọn ọmọ tí ẹ kò rí sójú rí, kóòṣì ń fi ọmọ aládùúgbò yín jẹun, ẹ ní kò kàn yín. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé mélòó ló wọlé fún Shooting Stars, ta ló ná an. Ẹ béèrè àwọn ọmọ ọdún 15 tí wọ́n ń tọ́ àti iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń tọ́ wọn. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ìyá aláàkàrà, ẹ pariwo rẹ̀ síta. Ẹni tí kò bá sì tíì sanwó ìwọlé rí l'Ádamásingbà, kó gbẹ́nu dákẹ́ lórí ẹni tó ni Chelsea.