"No to All" ni mo tẹ̀: ta ló ba kọ̀ǹpútà mọ́nógíráàmù jẹ́?

Oníṣẹ́-Abẹ́rẹ́ Ìta-Ẹlẹ́wà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó gbé kọ̀ǹpútà jù sí gọ́tà. Windows 98 ló wà lórí èyí tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ mọ́nógíráàmù. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ki sídíì kan bọ̀ ọ́ tí wọ́n ní oríṣiríṣi lẹ́tà ọlọ́nà wà nínú ẹ̀. Bó ṣe ń install lọ, ló ń bi mí ní ìbéèrè ṣáá. Mo bá tẹ "No to All" kó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ìgbà tí mo tún kọ̀ǹpútà tàn, ètò mọ́nógíráàmù mi ò ṣí mọ́. Ó ní "linked to missing export MSVCRT.DLL". Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí wa ní àfi kí òun fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn kó pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́. Fìlà márùndínlógójì tí mo fẹ́ kọ orúkọ sí wà nílẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ sì ni òkú náà.

Ọmọ Sábó: Fáírọ́ọ̀sì ni. Flash tí ẹ ń kì bọ̀ ọ́ ló kó o wá. Ẹ fọ́máàtì ẹ̀, ẹ lọ sùn.

Tísà Èbúté: Flash wo, àbúrò? Windows 98 kì í dá flash mọ̀ àfi tí èèyàn bá kọ́kọ́ fi díráífà ẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, ìbéèrè tó ń bi yín yẹn, kí ló kọ síbẹ̀ gan-an?

Oníṣẹ́-Abẹ́rẹ́ Ìta-Ẹlẹ́wà: Ó ní fáìlì tí òun fẹ́ kó sílẹ̀ gbó ju èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà lọ, ṣé kí òun fi tèmi sílẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Yes, No, No to All. Èmi rò pé tí mo bá ti ní rárá sí gbogbo ẹ̀, kò ní fọwọ́ kan nǹkankan.

Tísà Èbúté: Háà, ẹ̀gbọ́n. Kò bi yín bóyá kí òun kó tòun wọlé. Ṣé kí tiyín dúró ló bi yín. Ẹ ní rárá, ẹ tún ní kó má bi yín mọ́. Ẹnu ara yín lẹ fi lé tiyín jáde.

Ìyá Ìbejì Àgríìkì: Ẹ má dá bàbá yìí lẹ́bi o jàre. Ta ló ń sọ pé rárá tí wọ́n á gbọ́ ọ sí "ó dáa, bà á jẹ́"? Ẹni tó ṣe sídíì ló jẹ̀bi. Nígbà tó ti rí i pé tòun gbó, kí ló tún ń béèrè sí? Kó fò ó kọjá!

Tísà Èbúté: Màmá, òótọ́ lẹ sọ, mi ò gbèjà ẹ̀. Installer (ètò tó ń kó nǹkan sórí kọ̀ǹpútà) tó mọṣẹ́, á kọ́kọ́ wo nọ́ńbà fáìlì méjèèjì, tí tilé bá jẹ́ tuntun, á fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́, torí kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní DLL ni MSVCRT.DLL, kì í ṣe ti ètò kan ṣoṣo, bíi kànga àárín agboolé ni, gbogbo ilé ló ń fa omi níbẹ̀. Nígbà yẹn, ìrántí (RAM) kọ̀ǹpútà kéré, 16MB péré ti tó láti fi tan Windows 98, torí náà kò sí àyè kí ètò kọ̀ọ̀kan máa gbé kànga tiẹ̀ rìn. Ẹni tó ṣe sídíì yìí wá wọ agboolé, ó dí kànga tó jìn, ó gbẹ́ èyí tí kò jìn dípò ẹ̀. Kànga ṣì wà níbẹ̀, omi tí ètò mọ́nógíráàmù wá fà ni kò sí. Ohun tí "missing export" ń sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ àwọn tó ń kọ ètò níyà débi pé "DLL Hell", ọ̀run àpáàdì DLL, ni wọ́n sọ ọ́.

Jẹ́n Ò Sùn: Ẹ ò tíì dárúkọ NEPA. Iná ló lọ láàárín install, fáìlì ò kó tán. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin tó lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì wà létí wa níbí, àwa la ṣì ń ra epo jẹ́n.

Oníṣẹ́-Abẹ́rẹ́ Ìta-Ẹlẹ́wà: Iná ò lọ. Jẹ́n ni mo tàn látàárọ̀.

Jẹ́n Ò Sùn: Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣáà bú wọn.

Alákòóso Kafé: Ẹ lọ sí Run, ẹ kọ sfc /scannow, á yẹ àwọn fáìlì Windows wò, á tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Mo ṣe é lórí XP mi, ó tò.

Tísà Èbúté: XP nìyẹn. Láti Windows 2000 ni wọ́n ti fi ọdẹ ṣọ́ àwọn fáìlì yìí: tí installer bá ki tiẹ̀ lé wọn lórí, á mú ẹ̀dà tó tọ́ láti inú dllcache, àpò ìpamọ́ ẹ̀, á fi í padà. 98 ò ní irú ọdẹ bẹ́ẹ̀. SFC wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fèrèsé kékeré kan ló máa ṣí, ẹ ó sì yan "Extract one file from installation disk". Sídíì Windows 98 yín ńkọ́?

Oníṣẹ́-Abẹ́rẹ́ Ìta-Ẹlẹ́wà: Eku ti jẹ páálí ẹ̀, sídíì fúnra ẹ̀ ti bàjẹ́.

Alákòóso Kafé: Ẹ wa MSVCRT.DLL jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Ó pọ̀ níbẹ̀.

Àgbà Ìgbógbó: Ẹ má dán an wò! DLL tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá, ẹ fẹ́ fi sáàárín kọ̀ǹpútà? Fáírọ́ọ̀sì tí Ọmọ Sábó ń wá kiri, ibẹ̀ ló ti máa rí i.

Ọmọ Sábó: Ẹ ẹ̀ tiẹ̀ ra laptop! Láti July 2006 ni Microsoft ti jáwọ́ lọ́rọ̀ Windows 98.

Oníṣẹ́-Abẹ́rẹ́ Ìta-Ẹlẹ́wà: Àbúrò, ètò mọ́nógíráàmù yìí ní dongle, bíi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, tó ń wọ ihò pírńtà ńlá ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Láìsí i, kò ní ṣí. Ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ náà, flọ́pì 1.44MB, díìsìkì pẹlẹbẹ àtijọ́ yẹn, nìkan ló ń jẹ. Ibo ni màá ki wọ́n bọ̀ lára laptop ẹ?

Àgbà Ìgbógbó: Ṣé ẹ mọ kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń lo 98, tí ètò yìí kan náà ń ṣí lórí ẹ̀? Ẹ tẹ fáìlì náà ní bọ́tìnnì ọ̀tún máúsì, ẹ wo Properties, ẹ wo Version. Ẹ ka ti méjèèjì fún wa.

Oníṣẹ́-Abẹ́rẹ́ Ìta-Ẹlẹ́wà: Ti ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi, 6.00 ló fi bẹ̀rẹ̀. Tèmi, 4.20.

Àgbà Ìgbógbó: Ó parí. Ẹ kó ti ìyàwó yín sínú flọ́pì. Ẹ má ṣe é nígbà tí Windows wà lókè, á ní fáìlì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ yan "Restart in MS-DOS mode", ẹ wọ C:\WINDOWS\SYSTEM, ẹ kọ REN MSVCRT.DLL MSVCRT.OLD, lẹ́yìn náà COPY A:\MSVCRT.DLL. Ẹ má pa èyí tó gbó rẹ́ o, ẹ yí orúkọ ẹ̀ padà ni.

Tísà Èbúté: Mo fara mọ́ Àgbà, àmọ́ "No to All" lẹ̀gbọ́n tẹ̀, kì í ṣe "No". Ó ṣeé ṣe kó ju fáìlì kan lọ. Ẹ wo MFC42.DLL náà, kànga àjọlò mìíràn ni.

Oníṣẹ́-Abẹ́rẹ́ Ìta-Ẹlẹ́wà: Ó ṢÍ O! MFC42 náà ni, òun náà ti gbó. Mo pààrọ̀ méjèèjì. Orúkọ olóògbé ti wà lójú kọ̀ǹpútà báyìí.

Ìyá Ìbejì Àgríìkì: Ọlọ́run ṣeun. Lẹ́tà ọlọ́nà yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ṣí?

Oníṣẹ́-Abẹ́rẹ́ Ìta-Ẹlẹ́wà: Ó ń ṣí dáadáa lórí èyí tuntun.

Ìyá Ìbejì Àgríìkì: Kí ló wá gbé ògbólógbòó tiẹ̀ wá fún? Ẹni tó ṣe sídíì ni mo dì mú o.

Ọmọ Sábó: Tó bá jẹ́ fọ́máàtì ni, ì bá ti parí láti àárọ̀.

Oníṣẹ́-Abẹ́rẹ́ Ìta-Ẹlẹ́wà: Iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ì bá bá a lọ. Fìlà kẹta ló wà lórí ẹ̀rọ báyìí. Flọ́pì mi ti ń dún gììrì gììrì, ta ló mọ ibi tí wọ́n ṣì ń tà á láàárín Gàréèjì sí Sábó?