Kòrónà Kò Kọ́ Wa Ní Ìmọ́tótó

"Ohun rere kan ṣoṣo tí Kòrónà ṣe fún wa ni pé ó kọ́ wa ní ìmọ́tótó." Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìnáwó, mo ń gbọ́ ọ nínú kọ̀rọ̀pẹ́, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníbàárà mi ní Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Ohun tí wọ́n fojú rí ní 2020 ni wọ́n ń rántí. Ṣùgbọ́n ike ni mo ń tà, mo sì mọ ibi tí àwọn garawa ìfọwọ́ ìgbà náà gbà lọ.

Ìparí oṣù Kẹta ọdún náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sé wa mọ́lé. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa tó ti Abidjan dé sí ibi ìyàsọ́tọ̀ ní Èjìgbò. Wọ́n lé ní 100, àyẹ̀wò sì bá àrùn náà lára àwọn kan nínú wọn. Jìnnìjìnnì bo gbogbo ìlú. Bí a ṣe padà ṣí ṣọ́ọ̀bù báyìí, garawa tí wọ́n lu ẹ̀rọ mọ́ nídìí ni tajá tẹran ń béèrè. Báńkì rà, ṣọ́ọ̀ṣì rà, mọ́sáláṣí rà, oníbúkà rà. Wọ́n á gbé e sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan á dúró tì í: "Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó wọlé o." Bàbá tí kì í fọwọ́ kó tó mú àkàrà wá ń fọ ọ́ nígbà mẹ́fà kílẹ̀ tó ṣú.

2021 ò tíì parí tí oníbàárà kan fi gbé tirẹ̀ padà wá. "Ìyá oníke, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan dí ojú ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ máa rọ́ sí i." Mo bá a dí i. Òmíràn dé lẹ́yìn rẹ̀, gààrí ni tirẹ̀. Mi ò bá wọn wí, owó ni wọ́n fi rà á. Ṣùgbọ́n bí garawa ṣe ń kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni fífọ ọwọ́ ń bá a lọ.

Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwà ni, Ẹ̀bólà ì bá ti kọ́ wa. Oṣù Keje 2014 ló wọ Èkó. Ẹni 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. A fọwọ́ nígbà náà, a ò bọ ara wa lọ́wọ́, àwọn mìíràn tiẹ̀ fi omi iyọ̀ wẹ̀ wọ́n sì mu ún, nítorí irọ́ kan tó gba ìlú kan. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí Kòrónà dé, ọ̀tun la tún bẹ̀rẹ̀. Níbo ni ẹ̀kọ́ 2014 wà?

Ní 2021, tí a ní a ti di onímọ́tótó, NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, ka ẹni tó lé ní 100,000 tí wọ́n fura pé onígbáméjì mú, àwọn tó kú sì lé ní 3,500. Apá Òkè Ọya ló pọ̀ jù sí. Ẹnìkan á ní omi àti ṣáláńgá ló fa ìyẹn, kì í ṣe ọwọ́. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Níbi tí omi ò bá sí, ẹ̀kọ́ wo ni ọwọ́ fẹ́ kọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo ààlùwàlá. Kí Kòrónà tó dé, wọ́n ń ṣe é. Nígbà tó dé, wọ́n ń ṣe é. Lónìí, kílẹ̀ tó mọ́, àwọn bàbá àdúgbò mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ búútà. Kò sẹ́ni tó fi àrùn dẹ́rù bà wọ́n. Omi wà níbẹ̀, àkókò rẹ̀ kò yẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń ṣe é, ọmọ kékeré sì ń wo bàbá rẹ̀. Bí ìwà ṣe ń dúró lára èèyàn nìyẹn. Ọṣẹ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Awọ kan tó dà bí ọ̀rá ló bo kòkòrò Kòrónà, ọṣẹ a sì máa tú u ká bó ṣe ń bó epo kúrò lára àwo ẹ̀fọ́, bí a bá fi pa ọwọ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20. Abọ́ omi kan tí èèyàn mẹ́rin ń ki ọwọ́ bọ̀ ní búkà kì í ṣe fífọ ọwọ́ rárá, ìdọ̀tí ni wọ́n ń pín.

Ìbomú ti lọ, kò sẹ́ni tó ń wá a. Ohun tó dùn mí jù ni èyí tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lóṣooṣù. Ní 2020 ó bẹ̀rù pé bí òun bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọsibítù, wọ́n á ní Kòrónà ni. Ó wá ń ra oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó ń mu àgbo lé e. Kò padà lọ títí di 2022. Ìyẹn náà jẹ́ àṣà tí Kòrónà kọ́ wa, ẹ kà á mọ́ ọn.

Garawa kan ṣì wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi tí mi ò tà. Èmi ni mò ń pọn omi kànga sí i láràárọ̀. Àwọn oníbàárà ń fọwọ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sin òkú ní Ìkìrun fún ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ tó ń bá mi tajà kò pọn omi sí i. Nígbà tí mo dé, ọṣẹ ti gbẹ lórí àwo rẹ̀, ó ti sán.