Fíúsì ńlá kò wo áńpù gìtá sàn

Bí fíúsì áńpù gìtá bá jó, ìmọ̀ràn kan náà ni ẹ ó gbọ́, ìbáà jẹ́ Àjàṣẹ́ lẹ wà, ìbáà jẹ́ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́: "Fíúsì yẹn ló kéré jù. Ẹ wá èyí tó lágbára sí i." Ẹni tí kò bá rí ńlá rà yóò ya bébà fàdákà inú páálí sìgá, yóò wé e mọ́ èyí tó jó, yóò sì dá a padà sójú ihò rẹ̀. Iná á tàn, gìtá á dún, ìsìn á bẹ̀rẹ̀ lásìkò, gbogbo ayé á sì máa pe onítọ̀hún ní ẹnjiníà. Ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Iná ilé wa níbí ní orílẹ̀-èdè Benin jẹ́ 220 volt. Fíúsì 2 ampere ń gba nǹkan bíi 440 watt láyè láti kọjá lórí iná yìí. Ẹ fi 10 ampere sí ipò rẹ̀, ó di 2200 watt, iye tí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó gbóná dáadáa ń jẹ. Ibi tó tún burú sí ni pé ooru kì í bá iná rìn ní ọgbọọgba: bí iná tó ń gba inú wáyà bá di ìlọ́po 5, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po 25. Wọn kò ṣe wáyà tín-ín-rín tó wà nínú tiransifọ́mà fún irú ìyẹn. Á kọ́kọ́ máa rùn (ẹni tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ rí kò ní gbàgbé), lẹ́yìn náà á jó, tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ á sì di fíúsì. Ní ti bébà sìgá, kò sí iye kankan lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí yóò já, wáyà ara ògiri sì lè ṣáájú rẹ̀ jó.

Kí ló wá dé tí fíúsì ńlá fi máa ń "ṣiṣẹ́" nígbà mìíràn? Ẹ wo irin orí fíúsì dáadáa, ẹ ó rí lẹ́tà tí wọ́n fín sí i ṣáájú iye rẹ̀: T tàbí F. T ni onísùúrù, F ni onígbòónára. Áńpù tó ní tiransifọ́mà ńlá máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rọlẹ̀. T á mú un mọ́ra, F ò ní mú un mọ́ra. Tí ẹ bá béèrè fíúsì 2 ampere ní ọjà Wàǹdó láì dárúkọ lẹ́tà, tí wọ́n fún yín ní F, ó lè jó bí ẹ bá ti ń tàn án, nígbà tí ohunkóhun ò ṣe áńpù. Ẹ padà lọ ra 5, ó dúró, ẹ sì gbà pé 2 ló kéré. Lẹ́tà lẹ ṣì mú o, iye rẹ̀ tọ́.

250 volt tí ẹ ó rí lára irin orí fíúsì ń sọ iye iná tí fíúsì náà lè gé láì fa wàhálà. Fíúsì ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ 32 volt, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀ fún ọkọ̀.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn áńpù. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, bí wọ́n bá sì so ó mọ́ iná 220, fíúsì á jó lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló ṣe. Bí áńpù bá ní ibi tí a ti ń yí i sí 220 tàbí 230, fíúsì kékeré ni yóò gbà, kì í ṣe ńlá: èyí tó ń lo 2 ampere lórí 120 sábà máa ń lo 1 lórí 230. Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ àwọn ènìyàn létí, torí wọ́n rò pé iná tó pọ̀ ló ń fẹ́ fíúsì tó pọ̀.

Èyí tí wọ́n rà ní Èkó, tó gba Ìgólò tàbí Ìlárá wọlé, máa ń ní fíúsì mìíràn nínú púlọ́ọ̀gì onírin mẹ́ta rẹ̀. Tí a bá gé púlọ́ọ̀gì náà láti fi ti ibí sí i, fíúsì yẹn ti bá a lọ nìyẹn, púlọ́ọ̀gì tiwa ò ní. Èyí tó wà lẹ́yìn áńpù ló kù tó ń dáàbò bò ó, òun náà ni wọ́n wá fẹ́ fi bébà wé.

Ṣé fíúsì kì í gbó ni? Ó ń gbó. Ẹ yọ áńpù kúrò lára iná, ẹ yọ fíúsì, ẹ wo gíláàsì rẹ̀. Bó bá mọ́, tí wáyà inú rẹ̀ kàn já, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí gíláàsì bá dúdú tàbí tó ń dán bíi dígí, iná ti pàdé ara wọn nínú lọ́hùn-ún. Ẹ má fi òmíràn sí i mọ́.

Láti ibẹ̀, ó di ti oníṣẹ́, nítorí àwọn kapásítọ̀ inú áńpù onífáàfù (èyí tó ń lo ìgò gíláàsì tó ń pọ́n nínú) lè pa iná tó lé ní 400 volt mọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n á so gílóòbù onífílámẹ́ńtì 60 tàbí 100 watt (ti LED ò ṣiṣẹ́ yìí) sójú ọ̀nà iná kó tó tàn án. Bó bá mọ́lẹ̀ fìrì, tó sì rọlẹ̀, àlàáfíà ni. Bó bá mọ́lẹ̀ kalẹ̀, ó ku kí wọ́n wá ẹni tó ń ṣe é: fáàfù ńlá, dáyódù, tàbí tiransísítọ̀ tó ń ti sípíkà. Ẹ bá a sọ ìgbà tó jó: ṣé bẹ́ẹ ti tàn án ni, ṣé ìgbà tí ẹ ṣí standby (bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí iná gíga dé ọ̀dọ̀ fáàfù) ni, àbí lẹ́yìn tó ti gbóná. Bó bá dúró kí ẹ tó ṣí standby, tó sì jó ní kété tí ẹ ṣí i, apá ibi tí iná gíga ń gbà ni kó ti bẹ̀rẹ̀.