Omi ò pa ọmọ tó ń sáré o, ẹ yé gbà á lẹ́nu ẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára ọjọ́ ti pẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tọ́sìdeè tó kọjá ló jẹ́ kí n sọ pé rárá o, màá kọ ọ́ síta lónìí. P.E. ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí l'Abẹ́òkúta, Àǹtí P.E. ni wọ́n ń pè mí, òbí míì ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ní orúkọ míì. Lọ́jọ́ náà mo kó Páámárì 4 jáde, a ti sáré, a ti fò, a ti fi okùn ṣeré, aago mọ́kànlá ti ń lọ, ẹ sì mọ bí oòrùn ìlú wa ṣe ń ṣe tó bá ti bọ́ sórí àpáta tó tún ń ta padà sí èèyàn lójú. Ọmọkùnrin kan lọ síbi kúlà, ó mú píọ́ wọ́tà, ó fi eyín já etí ẹ̀, kò tíì fà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí tíṣà kan fi sáré jáde látinú kíláàsì ẹ̀ tó já a gbà lẹ́nu ọmọ. "Ṣé o fẹ́ kú ni? Ara ẹ ṣì ń gbóná, o ń mumi!" Ìyókù omi dà sí ọmọ láyà. Ó wò mí, ó wo tíṣà, kò mọ èwo ni kó gbọ́ nínú àwa méjèèjì.

Tíṣà yẹn jù mí lọ dáadáa, n ò lè bá a fa ọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ. Mo kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún un padà." Ó ní ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìwé ti bà yín jẹ́.

Ẹ má bínú sí i o, torí èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ìyá ìyá mi ní Adátán, tí a bá ti ṣe bojúbojú wọlé, tí òógùn bo wa, á gbé ìkòkò omi sẹ́yìn, á ní "wẹ́n kì í mumi bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kára yín ó tutù ná." Àwọn kan ní omi á wọnú ọkàn. Àwọn kan ní á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ikọ́ á dé. Àwọn kan ní iṣan á fà, ọmọ á rọ. Gbogbo wọn ò fẹnu kò lórí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ gan-an, àmọ́ gbogbo wọn gbà pé nǹkan á ṣẹlẹ̀. Ọdún méjì tí mo kọ́kọ́ fi ṣe tíṣà, òfin tèmi náà nìyẹn: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kan omi àfi tá a bá padà sí kíláàsì, tí mo bá sì ka ọgbọ̀n fún yín.

Títí di ìgbà tá a ń ṣe pírákítíìsì máàṣì-páàsì fún ìńtáháósì. Ẹ ṣe àkíyèsí pé táàmù kejì ni iléèwé tó pọ̀ ń ṣe ìńtáháósì, Fẹ́búárì sí Máàṣì, ìgbà tí ooru pọ̀ jù lọ nínú ọdún náà la máa ń kó ọmọ síta. A ti wà lórí ìdúró láti aago mẹ́sàn-án. Ọmọbìnrin kan ní ilé aláwọ̀ yẹ́lò, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan, ó ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé òùngbẹ ń gbẹ òun, mo ní kó ní sùúrù. Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, ètè ọmọ ti funfun, kò làágùn mọ́, mo pè é, ó ń dá mi lóhùn ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ò bá ohun tí mo bi í mu. Ara ẹ dà bíi irin àyọ́nù. Ọlọ́run ló yọ mí. Bàbá ọlọ́dẹ ló gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó bọ́ bàtà ẹ̀, ó da omi sí i lára, ó ń fi páálí fẹ́ ẹ títí wọ́n fi rí ọkọ̀ gbé e lọ sọ́sípítù. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ yẹn yè, ó sì ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ omi yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ń gbà. Téèyàn bá gbé omi mì, ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà lọ sínú ikùn, láti ikùn ó bọ́ sínú ìfun, ibẹ̀ ni ara ti ń fà á sínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn kankan lójú ọ̀nà yẹn tó ṣí sínú ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Bí omi bá tutù, ara á mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ikùn níbẹ̀, kò ní dé ibì kankan bíi yìnyín.

Mo mọ èyí tí ẹ máa sọ, torí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Láfẹ́nwá ti sọ ọ́ fún mi rí. Ó ní: "Àǹtí, tí ọkọ̀ bá gbóná, tó o da omi tútù sí i, ẹ́ńjìnnì á kíráàkì." Òótọ́ ni, fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná jù, irin ni, omi inú ẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún lọ lórí tẹmómítà. Ara ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́ wà ní bíi 37, tó bá sáré dáadáa ó lè gòkè dé 38 tàbí 39. Kí ló fẹ́ kíráàkì níbẹ̀? Ká tiẹ̀ fi ti rẹdíétọ̀ sọ ọ́ pàápàá, ọkọ̀ tí omi ti gbẹ nínú ẹ̀ ló ń nọ́ọ̀kì, kì í ṣe èyí tómi wà nínú ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti gbà á mọ́ òun lọ́wọ́.

Òógùn ni fẹ́ẹ̀nì ara. Òógùn ń jáde, ó ń gbẹ lára, bó ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni omi òógùn ti ń wá. Tí ọmọ ò bá fi òmíràn rọ́pò, ẹ̀jẹ̀ á dín, ọkàn á máa sáré kó lè pín ìwọ̀nba tó kù, nígbà tó bá yá òógùn náà á dáwọ́ dúró, ooru á wá há sínú. Ọmọdé sì wá yàtọ̀ sí àgbà níbí: ara wọn kéré, awọ tí oòrùn ń bà sì pọ̀ ju tiwa lọ tá a bá fi wé ìwọ̀n ara wọn, wọn kì í tún làágùn tó wa. Àti pé tí eré bá ti dùn mọ́ ọmọ, òùngbẹ lè máa gbẹ ẹ́ kó má mọ̀. Ó tún ku àwọn ọmọ wa tó jẹ́ SS. Ọ̀kan lára ohun tó ń dá kíráísìsì sílẹ̀ fún wọn ni kí omi ara wọn gbẹ. Kí ẹ wá kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú oòrùn kẹ́ ẹ sì fi omi dù ú, ẹ gbà mí o! Mọ́mì tó bá mọ̀ pé SS lọmọ òun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá sọ ọ́ fún tíṣà P.E. ní kọ́lọ́fín, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Wàyí o, ẹnìkan á sọ pé "ṣùgbọ́n mo fojú mi rí i, ọmọ sáré parí, ó mumi, ó dákú." Mo gbà yín gbọ́, èmi náà ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà téèyàn bá ń sáré, ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ló ń lọ sí ẹsẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ tó ń fún tó ń tú ló sì ń bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀ yẹn padà sókè. Ọmọ wá dé òpin eré, ó dúró gbọn-in lójijì. Ẹsẹ̀ ò ti ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ kó sísàlẹ̀, èyí tó ń dé ọpọlọ dín, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Àmọ́ kí ni gbogbo ọmọ máa ń ṣe tí wọ́n bá ti sáré dé òpin? Wọ́n á dúró níbi omi! Omi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó ṣubú, omi la wá mú lọ́daràn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kọ́mọ kankan dúró tàbí jókòó tó bá parí eré, "ẹ máa rìn, ẹ máa rìn, ẹ gbọn ọwọ́ yín", wọ́n á rìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin, omi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń mu ún bí wọ́n ṣe ń rìn. (Ọmọ tó bá ń dákú látojú eré, tàbí tó ń sọ pé àyà ń dun òun, dókítà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá, ẹ má dúró dè mí.)

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn àgbà sọ, mi ò ní purọ́. Tọ́mọ bá gbé píọ́ wọ́tà méjì mu lẹ́ẹ̀kan náà, lítà kan gbáko nìyẹn, tó tún sáré padà sórí pápá, omi á máa mì nínú ikùn ẹ̀ bí omi inú kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀gbẹ́ á gún un, ó lè bì. Ìyẹn ò sọ pé kó má mu. Kó mu ún díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá nìkan ni o, òyìnbó gan-an gbà á gbọ́. Ní 1904 tí wọ́n ṣe Òlíńpíìkì ní St. Louis l'Amẹ́ríkà, James Sullivan tó ṣètò eré márátọ́ọ̀nù fẹ́ wo ohun tí àìmumi máa ń ṣe lára èèyàn, omi tí wọ́n wá pèsè sójú ọ̀nà ò tó nǹkan rárá. Ooru mú, eruku ń sọ, àwọn ọkọ̀ ń bù ú sí wọn lójú. Èèyàn 32 ló bẹ̀rẹ̀, 14 péré ló parí ẹ̀. Ọ̀kan tó ń jẹ́ William Garcia, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti bá a nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn ẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú. Àwọn ọmọ Áfíríkà méjì láti South Africa wà níbẹ̀, ajá tiẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn, Len Taunyane, kúrò lójú ọ̀nà, ó ṣì padà wá ṣe ipò kẹsàn-án. Mo sọ ìtàn yìí fún Páámárì 5, ajá yẹn nìkan ni wọ́n rántí.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún ń bí mi nínú, ni pé òbí kan náà tó ní ká má fọ́mọ lómi ló máa ra gúlúkóòsì wá lọ́jọ́ ìńtáháósì. Ẹ lọ sí pápá MKO Abiola ní Kútò tí iléèwé bá ń ṣe é níbẹ̀, ẹ ó rí ọmọ tí ẹnu ẹ̀ funfun bí ẹni tó jẹ ẹfun, ó ń la gúlúkóòsì gbígbẹ, ó ń húkọ́. Wọ́n ní kó lè ní páwà. Eré ọgọ́rin mítà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí díẹ̀ sí i ni, gúlúkóòsì yẹn ò tíì kúrò nínú ikùn tí wọ́n á fi fún ẹni àkọ́kọ́ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Agbára tó fi sáré ti wà nínú iṣan láti inú ìrẹsì àti ẹ̀bà tó jẹ. Bẹ́ẹ̀ ṣúgà gbígbẹ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ omi ló ń fà sínú ìfun, ó ń dá kún òùngbẹ. Owó yẹn, ẹ fi ra báàgì píọ́ wọ́tà kan fún ilé ọmọ yín.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: kí wọ́n tó jáde, wọ́n á mu díẹ̀. Tá a bá ti lo bíi ogún ìṣẹ́jú lórí pápá, màá fun fèrè, gbogbo wọn sábẹ́ igi, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mu bí ìdá kan nínú mẹ́ta píọ́ wọ́tà, a tún padà. Omi tútù ni o, kì í ṣe èyí tóòrùn ti se, torí tó bá gbóná, ọmọ ò ní mu ún tó bó ṣe yẹ. Mo tún kọ́ wọn kí wọ́n máa wo ìtọ̀ wọn, tó bá pọ́n bí epo, omi ò tó. Èyí ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú gbogbo P.E., wọ́n ń sáré wá ròyìn ìtọ̀ fún mi nígbà bíréèkì, H.M. wa ti kìlọ̀ fún mi lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí ọmọ kan bá ní orí ń fọ́ òun, tó ń ṣe bí ẹni tí òòyì ń kọ́, tàbí pajápajá mú un lẹ́sẹ̀, ó ti parí lọ́jọ́ yẹn: ibòji, bàtà sílẹ̀, aṣọ títutù sọ́rùn àti abíyá, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ. Tó bá mọ ara ẹ̀ kó máa mumi. Tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ bá ti ń dàrú tàbí tó ti dákú, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ da á sí i lára, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sọ́sípítù.

Tíṣà yẹn ò tíì gbà fún mi pátápátá o. Àmọ́ ní Mọ́ńdè, mo rí i lójú wíńdò tó ń ka iye ọmọ kíláàsì ẹ̀ tó ti mumi kí wọ́n tó jáde wá bá mi. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin òbí wa, bọ́tù omi táwọn ọmọ ń mú wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ sí i lára, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára bọ́tù fúnra ẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sára ìdérí. Bọ́tù pupa mẹ́rin àti ìdérí méje ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi láti táàmù tó kọjá, kò sẹ́ni tó wá bèèrè.