Ṣé lóòótọ́ ni pé ìkọlù kan ti tó láti lé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ pátápátá?

Bí bọ́ǹbù bá dún ní ìlú tí àwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè ti ń gbafẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn: "Ó tán. Ta ló tún máa gbẹ́sẹ̀ débẹ̀?" Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí alángbá, á sá, wọ́n gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni arìnrìn-àjò afẹ́ rí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Túnísíà ni kò sì jẹ́ kí n gbà.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2015, ọkùnrin kan gba etíkun wọ òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí ìlú Sousse. Inú agbòòrùn, irú èyí tí wọ́n ń nà sí etíkun, ló fi ìbọn pamọ́ sí. Èèyàn 38 ló pa, ará Britain sì ni 30 nínú wọn. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì to ara wọn bí ògiri, wọ́n fi àyà ara wọn dínà kó má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò tó kù. Ó lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta nígbà náà tí wọ́n pa èèyàn 22 ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bardo ní ìlú Tunis.

Lọ́dún 2014, àwọn ará Britain tó lọ sí Túnísíà lé ní 400,000. Lọ́dún 2016, wọn ò tó 30,000. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bá ìtàn náà dé tí wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016 yẹn kan náà, àwọn ará Rọ́ṣíà tó wá sí Túnísíà lé ní 600,000, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí 50,000 péré ni wọ́n lọ́dún tó ṣáájú. Etíkun kan náà ni, ìròyìn ìpànìyàn kan náà ni gbogbo wọn sì gbọ́.

Kì í ṣe pé ará Rọ́ṣíà kò mọ ẹ̀rù. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2015, bọ́ǹbù já ọkọ̀ òfurufú wọn kan tó gbéra láti Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì bọ́ láti ojú ọ̀run, gbogbo èèyàn 224 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ìjọba Rọ́ṣíà fòfin de lílọ bíbọ̀ ọkọ̀ òfurufú sí Íjíbítì. Láìpẹ́ sígbà náà, Tọ́kì yìnbọn lu ọkọ̀ òfurufú ológun Rọ́ṣíà, ni ìjọba bá tún ní kí wọ́n má ta ìrìn-àjò Tọ́kì mọ́. Ibi méjèèjì tí wọ́n ti máa ń lọ yá oòrùn ti dí. Túnísíà ṣí sílẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ga wọ́n lára.

Àwọn ará Britain ńkọ́? Ní oṣù Keje ọdún 2015, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí Túnísíà àfi tó bá di kàn-ń-pá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ìjọba bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìbánigbófò tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń rà kì í sábà bo ẹni tó bá lọ. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta ìrìn-àjò á kó àlejò wọn kúrò, wọn ò sì ní tà á mọ́. Nígbà tó bá yá, ẹni tí ẹ̀rù ò bà rárá pàápàá kò ní rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀. Oṣù Keje ọdún 2017 ni wọ́n yí ìmọ̀ràn náà padà, Thomas Cook, iléeṣẹ́ Britain kan tó ń ta ìrìn-àjò nígbà náà, sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó àlejò lọ ní oṣù Kejì ọdún 2018. Nígbà tó fi di 2019, àlejò tó wọ Túnísíà ti lé ní mílíọ̀nù 9, iye tó ju ti ìgbà tí ìkọlù kò tíì ṣẹlẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Faransé wé e. Èèyàn 130 ni wọ́n pa ní Paris ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, wọ́n tún pa 86 ní ìlú Nice ní oṣù Keje ọdún 2016. Kò sẹ́ni tó ní kí ará Britain má lọ sí Faransé. Àlejò tó wọ Faransé dín kù díẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 83 lọ́dún 2016, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 87 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìjọba Britain ní ètò ààbò Túnísíà kò tíì múná tó, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀, ó máa ń dùn mí pé ọdún méjì gbáko ni àwọn tó fi ara wọn ṣe ògiri fún àlejò fi san gbèsè ohun tí ẹnì kan ṣe.

Ti ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan gbà pé bí owó bá ti wọ́n, kò sẹ́ni tó máa rìnrìn àjò mọ́. Lọ́dún 2009, tí gbèsè àwọn báǹkì da gbogbo ayé rú, ìrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún péré dín kù, ó sì ti kọjá iye ti tẹ́lẹ̀ lọ́dún 2010. Ní Britain, ó mú gan-an: ìrìn-àjò wọn sí ilẹ̀ òkèèrè já láti mílíọ̀nù 69 sí bíi 58.6, nítorí owó pọ́n-ùn wọn kò níye lórí mọ́ níwájú owó yúrò. Ọ̀pọ̀ wọn ṣe ìsinmi nínú ilẹ̀ wọn. Wọ́n ṣáà lọ síbì kan.

Ohun tó ń lé àlejò jáde níbì kan ló ń fà wọ́n wá síbòmíràn. Íjíbítì, níbi tí owó wọn náà ti já wálẹ̀, ni mo ti rí èyí kedere jù. Mílíọ̀nù 14.7 ni àlejò wọn lọ́dún 2010. Ìfẹ̀hónúhàn ọdún 2011 àti àwọn ìkọlù tó tẹ̀ lé e fà á wálẹ̀ dé nǹkan bíi 5.4 lọ́dún 2016. Mi ò ní sọ pé ìyẹn kéré, nítorí ibi tí ìkọlù bá ti ń tẹ̀ lé ìkọlù, ó máa ń pẹ́ kí ara tó balẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìjọba wọn jọ̀wọ́ owó pọ́n-ùn Íjíbítì fún ọjà, pé kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, owó náà sì pàdánù nǹkan bí ìlàjì iye rẹ̀. Oúnjẹ wọ́n gógó fún àwọn ará ìlú. Lójú ẹni tó ń ná yúrò, ọ̀pọ̀ nǹkan níbẹ̀ wá dínwó. Lọ́dún 2017, àlejò ti padà sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.3, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Rọ́ṣíà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá.