Ẹ yé dá mayonéèsì lẹ́bi

Níbi píkíníìkì ìjọ wa ní Houston lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, màmá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ṣí abọ́ sàláàdì màkàróńì tí mo gbé wá, wọ́n rí mayonéèsì lára rẹ̀, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ọmọdé kankan má fẹnu kàn án, nítorí pé oòrùn kì í pẹ́ ba mayonéèsì jẹ́. Bẹ́ẹ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù tó ti wà nínú bébà fóìlì láti àárọ̀ ló wà lórí àwo tiwọn. Mi ò lè já àgbà nírọ́ ní gbangba, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú mayonéèsì inú ìgò tí à ń rà, ó sì kan débi pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń da inú rú kì í rí ibẹ̀ gbé. Màkàróńì fúnra rẹ̀ ni ká máa ṣọ́, nítorí pé bí a bá ti sè é tán, ó rọ̀, ó kún fún omi, kò sì kan rárá. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus sábà máa ń wà lára ìrẹsì àti oúnjẹ oníyẹ̀fun; ó ní irúgbìn kan tí omi híhó kì í pa. Bí oúnjẹ bá wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, irúgbìn náà á hù, kòkòrò á máa bí sí i, á sì tu májèlé tí gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kò lè mú kúrò sínú oúnjẹ.

Ní ọdún 2003, ìdílé kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ṣe sàláàdì pasítà lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gbé e lọ sí píkíníìkì lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ìyókù sínú fíríìjì, wọ́n sì bù ú fún àwọn ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Àwọn ọmọ márààrún ló ṣàìsàn, ọmọbìnrin ọlọ́dún 7 kan sì kú. Bacillus cereus ni wọ́n bá nínú sàláàdì náà. 14°C ni fíríìjì ọ̀hún wà, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju nǹkan bíi 4°C lọ.

Èmi náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Torí ìbẹ̀rù mayonéèsì, òróró ólífì nìkan ni mo fi po sàláàdì ọdún kan, ṣùgbọ́n inú ìkòkò jíjìn ni màkàróńì náà sùn lórí sítóòfù mọ́jú. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, èmi àti ọkọ mi ti ń bì.

Mo gbà pé mayonéèsì tí ènìyàn fi ẹyin tútù pò nílé yàtọ̀, àti pé kíkan rẹ̀ máa ń dínkù bó bá ti dàpọ̀ mọ́ màkàróńì. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Báyìí, bí mo bá ti sẹ́ màkàróńì tán, mo máa ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú tíréè fífẹ̀ kó lè tètè tutù, kí n tó gbé e sínú fíríìjì. Ìdajì mayonéèsì ni mo ń pò mọ́ ọn lálẹ́. Òwúrọ̀ ni mo ń fi ìyókù sí i, nítorí pé màkàróńì máa ń fà á mu. Orí áìsì ló ń dúró sí ní píkíníìkì. Wákàtí 2 ni ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ní kí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà níta mọ, wákàtí 1 péré bí ooru bá ti ju 32°C lọ. Ní Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí 1 ni. Jọ̀lọ́ọ̀fù màmá náà wà lábẹ́ òfin yìí.