Ẹ Má Fi Ìjínigbé Polówó Orin

Ọdún 2023 ni gbogbo ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń wá bí orúkọ wọn yóò ṣe wọ ìwé Guinness. Hilda Baci dáná l'Ékòó ní oṣù karùn-ún, Guinness sì kà á fún un ní wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11. Kò pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìkòkò tirẹ̀ kaná ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó ní òun lo wákàtí 120. Nígbà tó di oṣù keje, àwọn kan fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta fẹnu konu l'Ádó-Èkìtì, ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì bá fòfin dè é kíá. Guinness fúnra wọn ti pa ìdíje ìfẹnukonu tó gùn jù tì láti 2013, nítorí wọ́n rí i pé ó léwu.

A ò bá ìjọba jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí wọ́n fi irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ dojú kọ wà nílẹ̀, ìyẹn irọ́ ìjínigbé tí àwọn kan fi ń polówó orin, ẹnikẹ́ni ò sì bá a wí.

Ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ pariwo. Ìyá tó ń kiri mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́mìí méje mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa jókòó ka ẹ̀mí inú rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan nílẹ̀ Faransé, L'Auto, ló dá ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France sílẹ̀ ní 1903 kí ìwé rẹ̀ lè tà, ó sì tà, nítorí náà ẹ má retí pé kí oníwèé ìròyìn máa bú àrà dídá. Ní 1896, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan ní Texas mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ méjì forí sọra wọn lójú èrò tó tó 40,000. Wọ́n ní kò séwu. Ìkòkò omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì bú gbàmù, ó kéré tán èèyàn méjì kú. Síbẹ̀, àwọn yẹn sọ fún aráyé ṣáájú pé ìkọlù ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.

Àwọn tó ń bí wa nínú ni olórin, òṣèré àti aláwàdà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń purọ́ pé wọ́n ti jí àwọn gbé. Ẹ ti rí i lórí fóònù: okùn lọ́wọ́, aṣọ lójú, ẹnìkan ń fi ohùn líle béèrè owó. Tó bá di ọjọ́ kẹta, orin tuntun á jáde. Tí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní ṣé ẹ ò mọ eré ni.

Eré kẹ̀? Ní Èkìtì yìí? Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba alayé méjì lójú ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé ní Ẹmùré, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọn. Ó di ọjọ́ 4, oṣù kejì, kí wọ́n tó dá àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Awakọ̀ wọn kò bá wọn bọ̀. Ìbẹ̀rù tó kù lára àwọn òbí lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn eléré yìí ń tà lọ́jà.

Fídíò irọ́ kan ṣoṣo lè mú Àmọ̀tẹ́kùn àtàwọn ọdẹ wọ igbó tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, kí abúlé mìíràn sì máa pè wọ́n láìrí wọn. Nílé ẹni tí wọ́n ní wọ́n jí gbé, ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá á gòkè, ẹ̀gbọ́n á ti máa wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ bàbá wọn. Èyí tó burú jù ni pé lọ́jọ́ tí tòótọ́ bá dé, àwọn èèyàn á ní, 'Orin ló fẹ́ gbé jáde,' wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ni ọdẹ ti gbọ́dọ̀ rí ipasẹ̀ àwọn ajínigbé.

Àwọn kan ní kí ọlọ́pàá kó wọn sí àtìmọ́lé. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, mú ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé irọ́ tó lè da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí sínú ewu. Àmọ́ a mọ òfin yẹn dáadáa, oníròyìn tí wọ́n ti fi mú kò kéré, nítorí náà ẹnu wa ò yá láti ké pè é. Owó ni wọ́n torí ẹ̀ purọ́, owó náà ni kí wọ́n pàdánù.

Kí Àmọ̀tẹ́kùn ṣírò epo ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ ọdẹ tó wọgbó, kí wọ́n sì gbé e fún onífídíò náà. Kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò l'Ádó má fi orin rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá sanwó fún irú fídíò bẹ́ẹ̀ ò lè ní òun ò mọ̀, nítorí òfin 2022 ti fún ARCON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìpolówó, lágbára lórí rẹ̀. Ìjọba tó rójú dá ìfẹnukonu dúró náà lè kọ̀wé sí àwọn tó ni gbọ̀ngàn ayẹyẹ l'Ádó, ní Ìkọ̀lé àti ní Ìjerò, pé kí wọ́n má yá ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn títí yóò fi san gbèsè ọdẹ tán.